Ohun Tí Ògiri Bódìjà Mọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ìbúgbàmù kan mi Ìbàdàn tìtì. Bódìjà Àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàwé àṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ìkéde àkọ́kọ́ ni pé ènìyàn méjì kú, 77 farapa. Iye òkú tún lé sí i lẹ́yìn náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó: ta ni yóò sọ fún ẹni tí ògiri rẹ̀ sán ṣùgbọ́n tí kò wó, bóyá kí ó padà lọ sùn síbẹ̀?

Ìmọ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́ ti pẹ́ láyé. Ní 1944, ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ IBM tí ń ka káàdì oníhò ni wọ́n fi ṣírò bí agbára ìbúgbàmù yóò ṣe tẹ irin pọ̀. Bọ́ǹbù ni wọ́n ń wá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní 1976, John Hallquist kọ ètò kọ̀ǹpútà DYNA3D ní Livermore, láti mọ bí bọ́ǹbù tí a jù láti ibi tí kò ga yóò ṣe rún nígbà tó bá balẹ̀. Àwọn aṣemọ́tò gba irú ọgbọ́n yìí: wọ́n ń fi mọ́tò kọlu ògiri nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ba irin gidi jẹ́.

Kọ̀ǹpútà a pín ohun náà sí ègé wẹ́wẹ́. A bi ègé kọ̀ọ̀kan léèrè, láàárín àkókò tó kéré ju ìṣẹ́jú-àáyá lọ fíìfíì: ta ló tì ọ́? Báwo lo ṣe tẹ̀? Ṣé o ti fọ́? Ìdáhùn ègé kan ni ìṣòro aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìṣírò kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Ní 1963 ni IBM dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, lódìkejì Agbówó, nígbà tí ilé Bódìjà ṣì jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ búlọ́ọ̀kù wa. Irin ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀. Búlọ́ọ̀kù tiwa, owó onílé àti ẹ̀rí-ọkàn ẹni tó mọ ọ́n ló ń pinnu sìmẹ́ńtì inú rẹ̀. Bí a bá fún ẹ̀rọ ní ìwọ̀n kọnkéré Lọ́ńdọ̀nù, ìdáhùn Lọ́ńdọ̀nù ni yóò fún onílé Bódìjà, yóò sì sùn sábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù díẹ̀ láti ilé kọ̀ọ̀kan tó wó ni à bá gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.