Ọ̀sẹ̀ Méjì Láti Padà sí Ìlọrin

Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó pa òwe yìí gbà pé onílé fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọjọ́ tí yóò padà. Ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin tó wà ní Gánà kò mú ọjọ́ kankan. Ìjọba ló mú un fún wọn.

Àwọn ènìyàn wa ti pẹ́ níbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó máa ná ọ̀nà náà ni àwọn oníṣòwò láti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè wọn ti ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń ru aṣọ òfì lọ tà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà lọ́dún 1960, Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Wọ́n ń tajà ní Accra, Kumasi àti Tamale; àwọn mìíràn ń wa dáyámọ́ńdì ní Akwatia. Wọ́n bí ọmọ, wọ́n sì bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú òfin, pé wọ́n bí ènìyàn sí Gánà nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ Gánà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àléfà lọ́dún náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò nílùú. Gbèsè tí ìjọba Nkrumah fi sílẹ̀ wà lọ́rùn wọn, iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́, inú sì ń bí àwọn ará ìlú sí àjèjì tó ń rí jẹ lọ́jà wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba owó ọjà tí ènìyàn tà láwìn. Wọ́n ta ẹrù ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì gba Lomé àti Cotonou wálé. Nàìjíríà tí wọ́n ń bọ̀ wá bá ṣì ń ja ogun abẹ́lé, Ìlọrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun láti ọdún 1967 ni.

Ní Ìlọrin, yálà lábẹ́ Balógun Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkòbì tàbí Àlànàmú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Agboolé wo lẹ ti wá?" Ìbéèrè yìí ló ya àwọn tó padà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ti ń fowó ránṣẹ́, tó ń wálé ṣọdún Iléyá, tí kì í jẹ́ kí wọ́n so yìgì lẹ́yìn òun, rí yàrá wọ̀. Ẹni tó kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kumasi di àlejò nílé baba rẹ̀. Ti àwọn ọmọ wọn tún le jù. Ní Gánà, Alata ni wọ́n ń pe wọ́n. Ní Ìlọrin, wọ́n di ọmọ Gánà.

Nígbà tí Ọ̀gágun Acheampong gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn kan tún padà lọ. Wọn kò kọ ilé sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti mọ ọjà ni wọ́n lọ.

Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni ti oṣù Kìíní ọdún 1983, tí ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn ọmọ Gánà tó kúrò tó mílíọ̀nù kan, wọ́n sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ lára báàgì tí a ṣì ń kó ẹrù sí títí dòní. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá péré, a ti gbàgbé bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe kúrú tó.

Lónìí, àwọn ọmọ wa ń wá ìwé ìgbélùú ní Lọ́ńdọ̀nù àti Tòrónítò, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìjọba tó fúnni ní ìwé lè gbà á padà. Ìjọba kankan kò fúnni ní ipò nínú agboolé, kò sì lè gbà á. Ẹni tó bá pa á tì fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kí onílé tó lè relé, ó ní láti ti máa ṣe onílé láti àjò wá.