Ta Ló Lè Sùn Nínú Ọkọ̀ Kí Ọkàn Rẹ̀ Balẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ètò yìí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ náà ni mo tẹ̀ síbí. Ikọ́ mi nìkan ni mo yọ kúrò.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, mo sùn mọ́jú nínú ọkọ̀ lórí òkè kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kò bàjẹ́, a kò sì ṣìnà. Bọ̀dá mi kan tó ń gbé ní Maryland, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ní kí n wá wo bí àwọn ṣe máa ń lọ pàgọ́ nínú igbó fún fàájì. Ọkọ̀ oníná ni ọkọ̀ wọn. Bátírì ló fi ń rìn, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sí ibi tí à ń da epo sí lára rẹ̀. A tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn pẹrẹsẹ, a gbé fóòmù lé e, a tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, ó di oorun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí bàbá mi ní Ìbàdàn tó lọ sùn, mo pè wọ́n lórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ má sùn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní títàn o. Ẹ sì sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀." Mo ní, "Bàbá mi, kò ní ẹ́ńjìnnì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹ ṣáà sọ gíláàsì kalẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń sùn nínú ọkọ̀, mo rí i pé ìbéèrè méjì ló ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Èkíní: ṣé ọkọ̀ yìí kò ní pa mí? Èkejì: ṣé wọn yóò jẹ́ kí n sùn níbi tí mo dúró sí? Ọkọ̀ oníná ti dáhùn èkíní. Èkejì ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ibùsùn àwọn olówó

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ tó ní ibùsùn fún, olówó ni wọ́n. Ní ọdún 1910, ilé iṣẹ́ Pierce-Arrow gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Touring Landau wá síbi àfihàn ọkọ̀ ní Madison Square Garden, ní New York. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tẹ́ di ibùsùn. Ìwẹwọ́ kan ń yọ jáde láti ẹ̀yìn àga awakọ̀, póò wà níbẹ̀ fún ẹni tí ara bá ń ni, tẹlifóònù sì wà tí ọ̀gá fi ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí: dírẹ́bà. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ yẹn, ilé kò wọ́n ọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn gbajúmọ̀ mẹ́rin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ jọ lọ pàgọ́: Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò, Harvey Firestone tó ń ṣe táyà, Thomas Edison tó ń ṣe gílóòbù àti bátírì, àti John Burroughs, bàbá arúgbó tó ń kọ ìwé nípa ẹyẹ àti igbó. Wọ́n ń pe ara wọn ní Vagabonds, ìyẹn àwọn alárìnkiri. Alárìnkiri wo nìyẹn, tó ní alásè, tó sì ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dáná lọ́tọ̀? Ní ọdún 1921, Ààrẹ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, Warren Harding, wá bá wọn nínú àgọ́ ní Maryland. Tí ilẹ̀ bá ṣú, bátírì Edison ni wọ́n fi ń tan iná sí àárín igbó.

Bátírì yẹn gan-an ló mú mi dúró. Ọ̀pọ̀ wa rò pé àná ni ọkọ̀ oníná dé. Rárá o. Nínú ọkọ̀ 4,192 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1900, 1,575 ló jẹ́ oníná. Kò ní èéfín, kò sì sí pé à ń fi irin yí i níwájú kí ó tó jí, bí àwọn alọta ṣe ń yí ẹ̀rọ wọn. Clara, ìyàwó Ford, ọkọ̀ oníná tí wọ́n ń pè ní Detroit Electric ló ń wà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ta ọkọ̀ elépo fún gbogbo ayé! Ní oṣù Kìíní ọdún 1914, Ford kéde pé òun àti Edison ń múra láti ṣe ọkọ̀ oníná tí kò ní wọ́n.

Ọkọ̀ náà kò jáde. Bátírì Edison kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Ní ọdún 1912, ọkọ̀ Cadillac ti ní ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì láìfi ọwọ́ yí i, epo sì rọjú, nígbà tí iná kò tíì dé ọ̀pọ̀ abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe borí, tí èéfín sì bá a wọlé. Gbogbo ẹni tó sùn nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, pẹ̀lú èéfín yẹn ló sùn.

Ọdún 1936

Ẹ bá mi dúró díẹ̀ ní ọdún 1936. Ohun mẹ́ta ṣẹlẹ̀ ní ọdún náà ní Amẹ́ríkà.

Àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ Nash bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sínú búùtù, tó sì ń di ibùsùn. Kì í ṣe fún olówó ńlá mọ́. Ọlọ́dẹ lè rà á, apẹja lè rà á, ìdílé tó fẹ́ lọ gba afẹ́fẹ́ lè rà á.

Èkejì, ní oṣù Keje, Ààrẹ Franklin Roosevelt lọ ṣí Shenandoah, ọgbà igbó ìjọba tó wà lórí àwọn òkè Virginia, kí ará ìlú lè máa lọ sinmi níbẹ̀. Inú ọgbà yẹn ni èmi àti bọ̀dá mi sùn.

Ẹ̀kẹta, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbé ní Harlem, Victor Hugo Green, tó ń pín lẹ́tà kiri ilé fún iṣẹ́ ìjọba, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Òun ni ayé mọ̀ sí Green Book. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ilé epo àti ilé àwọn ènìyàn tí kò ní lé aláwọ̀ dúdú ló tò sínú rẹ̀. New York àti àgbègbè rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kárí Amẹ́ríkà.

Kí ló fa irú ìwé bẹ́ẹ̀? Lásìkò yẹn, aláwọ̀ dúdú lè lówó lọ́wọ́, kó ní ọkọ̀ tó dára, kó dé òtẹ́ẹ̀lì ní alẹ́, kí wọ́n sọ fún un pé kò sí yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá wà. Ìlú mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Nítorí náà, bí ìdílé bá ń rìnrìn-àjò, wọn yóò di oúnjẹ sínú ọkọ̀, wọn yóò gbé agolo dání tí ọmọ yóò máa tọ̀ sí, wọn yóò kó bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn kò sì ní ojúlùmọ̀ nítòsí, bàbá a máa wakọ̀ mọ́jú, tàbí kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí gbogbo wọn ká jọ sórí ìjókòó. Oorun ojú kan lajú sílẹ̀ ni.

Ẹ fi èyí wé ti ẹni tó ra Nash. Ìjókòó ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì sùn lé. Òru kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè jí ní ààjìn, kó sọ pé ó rẹ òun, kó wọ òtẹ́ẹ̀lì lọ. Èkejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpàgọ́ àti ìyà nìyẹn.

Nígbà tí Martin Luther King sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lókìkí ní Washington, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí pàápàá: àwọn arìnrìn-àjò tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, tí wọn kò sì rí ibi wọ̀ sí lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1964, òfin kan jáde tó kà á léèwọ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì láti lé ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Green Book ti ọdún 1966 sí 1967 ló kẹ́yìn.

Èéfín

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè bàbá mi. Gbogbo ọkọ̀ elépo tí mo ti dárúkọ, àti èyí tí ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibùsùn àti ìdáná sínú Volkswagen ní ọdún 1951, àléébù kan náà ni wọ́n ní: bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fún yín ní ooru tàbí ìtura, ó gbọ́dọ̀ máa jó epo. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan nínú tó ń jẹ́ carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen tí a fi ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, tí oxygen kò fi ní ráàyè mọ́. Ẹni tó lajú, orí á máa fọ́ ọ, èébì á máa gbé e. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ nǹkan kan.

A mọ̀ ọ́n nílé wa dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí epo wọ́n káàkiri Nàìjíríà, èmi àti bàbá mi sùn sórí ìlà ní ilé epo kan ní Ìbàdàn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. Ooru mú, ẹ̀fọn ń kọrin, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo rò pé nítorí epo ni. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó sọ fún mi nípa ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ kí olè má baà gbé e. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì kò jí. Bàbá mi wà lára àwọn tó já ilẹ̀kùn.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú wọn sọ pé kí n sọ gíláàsì kalẹ̀.

Ohun tí ọkọ̀ oníná yí padà nìyí. Kò jó nǹkan kan, nítorí náà kò sí èéfín tí yóò tú jáde. Láti ìgbà tí Nissan ti gbé Leaf jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, àwọn tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń rí i pé yàrá kékeré ni wọ́n rà. Ní ọdún 2019, Tesla fi ètò kan sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù fún ajá tí olówó rẹ̀ lọ ra nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ti ènìyàn, tí wọ́n pè ní Camp Mode. Ní ọdún 2021, Ioniq 5 ti Hyundai dé, èyí tí ènìyàn lè ki wáyà bọ̀ láti fi se omi.

Ní alẹ́ ọjọ́ tiwa, bátírì wà ní 78% nígbà tí a fẹ́ sùn. Òtútù ìta tó ìwọ̀n 9 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí a jí, ó ku 66%. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ ṣírò èyí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ má gbé sítóòfù gáàsì wọnú rẹ̀. Ọkọ̀ ni kò ní èéfín. Iná tí ẹ bá dá ní.

Òkè Lewis

Òru kan ti ṣáájú òru yẹn. Nígbà tí a ń bọ̀, a dúró gba iná síbi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ilé ìtajà kan, oorun sì gbé wa lọ. Ní nǹkan bí aago kan òru, ẹ̀ṣọ́ kan tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú, ó ń kan gíláàsì. Kí bọ̀dá mi tó sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ wọn méjèèjì lé sítẹ́ríńgì, níbi tí ẹ̀ṣọ́ náà ti lè rí i. Ó ní a kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. A kúrò. Bọ̀dá mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èmi náà kò sì bi wọ́n léèrè ọwọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ibi tí wọ́n mú mi lọ ni Lewis Mountain, ibi ìpàgọ́ tó kéré jù lọ nínú ọgbà Shenandoah. Nígbà tí òfin ìyapa ṣì wà ní Virginia, ibẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Kí ọdún 1950 tó parí ni ìyapa tó tán pátápátá nínú ọgbà náà. Bọ̀dá mi mọ ìtàn yẹn. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn fi máa ń yan ibẹ̀ dípò ibòmíràn: àwọn ènìyàn kan ti sùn síbẹ̀ rí nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà wọ́n láàyè sí, àwọn fẹ́ sùn síbẹ̀ nítorí pé ó wu àwọn.

A san owó ààyè, a sì sùn. Kò sí ẹni tó kan gíláàsì.

Mo mọ̀ pé nígbà tí mo ń sọ èyí, awakọ̀ àjàgbé kan wà nílé tó ń sùn lábẹ́ sítẹ́ríńgì nítorí pé ìlà kò sún. Bátírì kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ̀rọ lè mú èéfín kúrò. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dá ẹnìkejì rẹ̀ lójú pé kó sùn, kó má bẹ̀rù.

Nígbà tí mo jí, mo bá ọ̀rọ̀ bàbá mi lórí WhatsApp, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́: "Ṣé ẹ jí?" Láti kékeré ni wọ́n ti ń kí mi bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ bí ìbéèrè. Mo dá wọn lóhùn pé, "A jí, bàbá mi. A sì sọ gíláàsì kalẹ̀."

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ibo ni ilẹ̀ ti ṣú yín mọ́ inú ọkọ̀ rí, ṣé ilé epo ni àbí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a óò gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká jí ire o.