Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ìtàn Àwọn Tó Fẹ́ Dá Ọjà Gbà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí, ìtàn àwọn tó fẹ́ kó sọ́ọ̀nà kan ni.

Ní 1879, òyìnbó kan, George Goldie, kó ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tó ń ra epo pupa lójú odò Ọya pọ̀ di ẹyọ kan. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá dá owó tí ò dáa, olówò á gbé epo rẹ̀ lọ bá ẹlòmíì. Nígbà tí gbogbo wọn di ọ̀kan, ibo ni yóò gbé e lọ? Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ náà láṣẹ, ó di Royal Niger Company. Àwọn ará Nembe tí wọ́n dí ọ̀nà òwò mọ́ gbógun lọ bá a ní Akassa ní oṣù kìn-ín-ní 1895. Ẹ̀mí ṣòfò.

Ní 1929, Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation para pọ̀, wọ́n di UAC. Nígbà tó di 1937, UAC àtàwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó mìíràn tún bára wọn dá májẹ̀mú lórí kòkó Gold Coast àti Nàìjíríà: owó kan náà ni wọn á máa san, wọn á sì pín ọjà láàárín ara wọn. Àwọn àgbẹ̀ àti alágbàtà Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ní àwọn ò tà. Wọn ò ra ọjà òyìnbó pẹ̀lú. Nílé níbí, Nigerian Youth Movement ta ko májẹ̀mú náà. Ìgbìmọ̀ tí Nowell ṣe alága rẹ̀ wá wádìí ọ̀rọ̀ ní 1938, ó sì ní májẹ̀mú náà ò dáa.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa o. Àwa Ìjẹ̀bú náà ti dí ọ̀nà rí. Kó tó di 1892, ọwọ́ wa ni ọ̀nà Èkó sí òkè wà. Ẹni tó fẹ́ ṣòwò, ọ̀dọ̀ wa ni yóò dúró sí. Ó dùn mọ́ wa, ó ń dun ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà lára ohun tí Gẹ̀ẹ́sì torí ẹ̀ gbógun tì wá ní Ìmàgbọ̀n.

Láti 2019, òfin ti wà fún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá fẹ́ para pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún àjọ FCCPC, kó lè wò ó bóyá wọn ò ní dá ọjà gbà mọ́ aráyé lọ́wọ́. Òfin yìí kan náà kàn wá. Ní 2024, àjọ náà kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ń pàṣẹ iye tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa tà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀. Ká dáwó jọ, ká yára wa lówó, ká ran ẹni tí ọjà rẹ̀ ò yá lọ́wọ́, iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde nípàdé pé kí gbogbo wa má tà lábẹ́ iye báyìí, tàbí pé ká lé àgbẹ̀ tó fúnra rẹ̀ gbé gàrí wá, ká tètè rán an létí kòkó 1937. Ìyà tí a kọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, ká má fi jẹ aládùúgbò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A kì í fi dí ọ̀nà ọjà. Ọjà á tà fún gbogbo wa o. Àṣẹ.