Àkàbà Ipò àti Ìdíje nínú Géèmù Ọgbọ́n-Ogun Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àkàbà ipò ni ètò tó ń to àwọn eléré géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ṣe mọ, tó sì ń bá ẹni tó bá wọlé wá alátakò tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ìdíje ní tirẹ̀ ni ìpàdé ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti ń wọ̀yá ìjà títí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi lékè. Ètò méjèèjì ti pẹ́ nínú àwọn géèmù ọgbọ́n-ogun bíi StarCraft, Warcraft III àti Age of Empires II, níbi tí eléré ti ń kó ohun àlùmọ́ọ́nì jọ, tó ń kọ́lé, tó sì ń darí ọmọ ogun lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àkàbà wà kí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lè rí ẹgbẹ́ wọn bá jà lójoojúmọ́. Ìdíje wà kí a lè mọ ẹni tó borí láàárín àkókò kúkúrú. Púpọ̀ nínú wàhálà olùṣètò ló ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá ti fẹ́ fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ìtàn

Iléeṣẹ́ Blizzard Entertainment, tó fìdí kalẹ̀ sí Irvine ní ìpínlẹ̀ California, gbé StarCraft jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1998. Ẹni tó bá ra géèmù náà lè gba orí Battle.net, ìkànnì iléeṣẹ́ náà, wá ẹni bá jà láìsan kọ́bọ̀ sí i. Kòríà Gúúsù ló ti ràn bí iná ọyẹ́. Ọrọ̀ ajé ibẹ̀ ti dojú dé lọ́dún 1997, àwọn kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sì ṣí PC bang, ìyẹn yàrá kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó wákàtí. Ìjọba náà ń na íntánẹ́ẹ̀tì oníyára káàkiri ìlú. Ìgbà tí yóò fi di ọdún 2000, tẹlifíṣọ̀n OnGameNet ti ń gbé ìjà StarCraft sáfẹ́fẹ́, ẹgbẹ́ KeSPA sì ti dìde láti máa ṣàkóso àwọn tó fi géèmù ṣiṣẹ́ ṣe.

Warcraft III tẹ̀lé e ní 2002. Nínú rẹ̀, eléré kàn ń tẹ bọ́tìnnì kan ni, ẹ̀rọ a sì bá a wá alátakò. Nígbà tí StarCraft II dé ní oṣù Keje ọdún 2010, irú ètò yìí ló gbé e ró. Ọdún náà ni ìdíje GSL bẹ̀rẹ̀ ní Kòríà, tí ẹni tó gba ife àkọ́kọ́ gbé mílíọ̀nù 100 owó won lọ sílé. Àwọn ọmọ Kòríà jẹ gàba lórí géèmù náà títí di 2018, nígbà tí Serral, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, di ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ mìíràn tó gba ife àṣekágbá àgbáyé WCS.

Kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ni géèmù nìkan ló ń gbé àkàbà dúró. Fún StarCraft àtijọ́, àwọn olólùfẹ́ géèmù dá ICCup sílẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà láti D dé A to ipò àwọn eléré, wọ́n sì fi ohun èlò tó ń lé ojóòró sí i. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun Warcraft III jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2020 láìní àkàbà kankan nínú, àwọn eléré fúnra wọn ló gbé W3Champions kalẹ̀ láti fi dí àlàfo náà.

Ìṣirò ipò

Arpad Elo, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Họ́ngárì, tó sì kọ́ni ní Yunifásítì Marquette ní Milwaukee, ló ṣe ìṣirò tí púpọ̀ nínú àwọn àkàbà òde òní ń tẹ̀lé. Ṣẹ́ẹ̀sì ló ṣe é fún. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbà á wọlé ní 1960, FIDE tó jẹ́ àjọ àgbáyé sì gbà á ní 1970.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Àlàfo tó wà láàárín àmì ẹni méjì ló ń sọ ohun tí a lè retí. Bí àmì wọn bá dọ́gba, ìdajì-ìdajì ni. Bí ọ̀kan bá fi 200 ju èkejì, a retí kí ó borí nígbà 76 nínú 100. Bí ó bá fi 400 jù ú, nígbà 91. Lẹ́yìn ìjà, ẹ̀rọ yóò fi èsì wé ohun tí a retí, yóò sì fi iye kan tí olùṣètò ti yàn ṣe ìsọdipúpọ̀ ìyàtọ̀ náà. Ká ní 32 ni iye yìí. Bí ẹni méjì tó dọ́gba bá jà, 16 ni ẹni tó ṣubú yóò pàdánù fún ẹni tó borí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fi 200 ga bá borí, bí 8 péré ni yóò rí. Bí ó bá ṣubú, bí 24 ni yóò lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ta kò fi lè máa pa òpè kiri kó sì tipa bẹ́ẹ̀ dé orí àkàbà. Bí iye náà bá tóbi, ipò yóò máa fò sókè-sódò. Bí ó bá kéré, ẹni tó ti dáńtọ́ yóò pẹ́ kó tó kúrò láàárín àwọn òpè.

Àbùkù kan wà lára Elo: kò mọ̀ bóyá òun mọ ẹni náà dáadáa. Ẹni tó ti ja ẹgbẹ̀rún ìjà àti ẹni tó dé lánàá lè ní àmì kan náà. Ní 1995, Mark Glickman, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, fi nọ́ńbà kejì kún un nínú ètò Glicko. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí àmì náà ṣe dájú tó. Ó ń kéré sí i bí ènìyàn bá ń jà déédéé, ó sì ń gbòòrò padà bí ó bá pẹ́ tí kò yọjú. Ètò TrueSkill tí Microsoft ṣe fún Xbox Live gba irú ọ̀nà yìí, ó sì tún lè ṣe ìṣirò fún ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́.

Àwọn géèmù kan ń fi orúkọ ẹgbẹ́ bo àmì náà kí ojú má baà máa ro eléré. StarCraft II pín àwọn èèyàn rẹ̀ láti Bronze dé Grandmaster, èyí tí èèyàn 200 péré ní àyè nínú rẹ̀ ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2016 ni wọ́n tó jẹ́ kí kálukú rí àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n náà ṣeé gbára lé débi pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lò ó. Ní 2019, iléeṣẹ́ DeepMind fi orúkọ bòńkẹ́lẹ́ gbé AlphaStar, ẹ̀rọ tó ń dá ronú, sórí àkàbà ilẹ̀ Yúróòpù. Ó dé ipò Grandmaster, ó sì ga ju ìdá 99.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn eléré tó wà lórí àkàbà lọ.

Ìṣòro tí kò ní ìṣirò ni iye èèyàn. Bí eléré bá ṣe ń dúró pẹ́ tó ni ẹ̀rọ yóò máa fẹ àlàfo tó ń wò lójú, títí yóò fi rí ẹnì kan mú wá. Níbi tí èrò ti pọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Níbi tí èrò kò pọ̀, bóyá kí eléré dúró títí tàbí kí wọ́n gbé ọ̀ta kò ó lójú. Ìdí nìyí tí àkàbà kékeré fi máa ń dín oríṣi ìjà tó wà lórí rẹ̀ kù, kí gbogbo èrò lè para pọ̀ sí ojú kan.

Oríṣi ìdíje

Ìdíje kò-mẹsẹ̀-o-yọ ló yá jù. Èèyàn 16 nílò ìjà 15, nítorí ìjà kọ̀ọ̀kan ń lé ẹnì kan lọ, àwọn 15 ló sì gbọ́dọ̀ lọ. Bí ìjà kọ̀ọ̀kan bá gba wákàtí kan, wákàtí mẹ́rin ti tó láti parí gbogbo rẹ̀. Ìkà tó wà nínú rẹ̀ ni pé àṣìṣe kan ṣoṣo lè rán ọ̀ta lọ sílé ní ìpele àkọ́kọ́. Láti wo èyí sàn, àwọn kan ń lo ìlànà ẹlẹ́ẹ̀mejì: ẹni tó bá ṣubú yóò bọ́ sí ìhà ìsàlẹ̀, ó di ìgbà tó bá tún ṣubú kó tó kúrò. Èèyàn 16 yóò ja ìjà 30 tàbí 31.

Ìlànà Switzerland, tí wọ́n kọ́kọ́ lò nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kan ní Zürich ní 1895, kì í lé ẹnikẹ́ni. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ìṣẹ́gun wọn dọ́gba ni yóò pàdé. Bí kò bá sí ọ̀mì, ìpele mẹ́rin, ìyẹn ìjà 32, ti tó kí ó má ku ju ẹnì kan tí kò tíì ṣubú nínú èèyàn 16. Líìgì tí gbogbo èèyàn ti ń bá gbogbo èèyàn jà ló tọ́ jù, òun náà ló sì gùn jù: ìjà 120 ni fún èèyàn 16. Ìyẹn ni àwọn olùṣètò fi sábà máa ń pín eléré sí ọ̀wọ́ kéékèèké fún ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bọ́ sí kò-mẹsẹ̀-o-yọ.

Títo orúkọ ṣe pàtàkì. Ẹni kìíní yóò bá ẹni kẹrìndínlógún pàdé, ẹni kejì yóò bá ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún, a ó sì fi àwọn méjì tó ga jù sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà pàdé ṣáájú àṣekágbá. Ìjà kan ṣoṣo kì í sì í tó láti fi yanjú ọ̀rọ̀. Mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje ni wọ́n ń dá, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nínú ju ìlàjì lọ ló jẹ.

Òfin àti rẹfirí

Ìwé òfin gbọ́dọ̀ jáde kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ àkókò ìjà àti ibi tí agogo rẹ̀ wà, iye ìṣẹ́jú tí a ó fi dúró de ẹni tó pẹ́, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti dá ìjà dúró, àti bí a ó ṣe jábọ̀ èsì. Máàpù tí a ó lò náà gbọ́dọ̀ hàn, nítorí máàpù kan lè gbè fún ẹ̀yà ọmọ ogun kan nínú géèmù ju òmíràn lọ. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí àwọn méjì máa yọ máàpù kọ̀ọ̀kan kúrò ní ìkọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku èyí tí wọn yóò jà lé.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ìgbà tí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Àwọn mìíràn ń pàṣẹ pé kí a tún un jà, àwọn mìíràn sì ń fún rẹfirí láṣẹ láti sọ ẹni tó ti borí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, iná lọ ní gbọ̀ngàn níbi tí Flash àti Jaedong, àwọn ọ̀ta méjì tó gbajúmọ̀ jù ní Kòríà nígbà náà, ti ń ja àṣekágbá ìdíje StarCraft tí wọ́n pè ní NATE MSL. Àwọn rẹfirí fún Jaedong ní ìjà náà, òun náà ló gba ife, àríyànjiyàn rẹ̀ kò sì tán bọ̀rọ̀.

Ìjìnnà

Nínú StarCraft àti Age of Empires, kọ̀ǹpútà àwọn méjèèjì kì í fi gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Àṣẹ tí eléré pa nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, tí ẹ̀rọ méjèèjì yóò sì ṣe ìṣirò kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ètò yìí ló jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tẹlifóònù àtijọ́ lè gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. Òun náà ló jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ìjà kéré ní ìwọ̀n, tí rẹfirí fi lè gbà á lọ́wọ́ eléré kó sì tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kò sí ìṣirò tó lè ṣẹ́ ìjìnnà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú okùn gíláàsì. Okùn MainOne, tó wọ abẹ́ òkun láti Portugal dé Èkó ní 2010, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Àlọ àti àbọ̀ lórí rẹ̀ gba nǹkan bíi ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kí a tó ka ìdádúró ibòmíràn mọ́ ọn. Ọmọ Èkó tó ń bá ará Yúróòpù jà lórí sáfà Yúróòpù ti gbé ẹrù yẹn wọlé. Ọ̀nà tí àwọn olùṣètò ń gbà ni kí wọ́n yan sáfà tó wà láàárín, bí ọmọ Kòríà àti ará Yúróòpù ṣe máa ń pàdé lórí sáfà Amẹ́ríkà, tàbí kí wọ́n kó gbogbo wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan fún àṣekágbá.

Ojóòró

Nítorí pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ gbogbo ohun tó wà lórí máàpù, ẹni tó bá ní ètò kọ̀ǹpútà burúkú lè ṣí aṣọ tó bo ibùdó alátakò kúrò. Rẹfirí ń fi àkọsílẹ̀ ìjà mú irú wọn: ó ń wò bóyá eléré ń múra sílẹ̀ de ohun tí kò rán ẹnikẹ́ni lọ wò. Láti dènà eléré tó bá ń wo ìjà ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ ète alátakò, olùṣètò máa ń dá àwòrán dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹwòran.

Títa ìjà ló burú jù. Ní 2010, KeSPA lé eléré 11 kúrò títí láé nítorí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Lórí àkàbà, àrùn tirẹ̀ yàtọ̀: ọ̀ta ń fi orúkọ tuntun bojú lọ sáàárín àwọn òpè, àwọn ọ̀rẹ́ sì ń fún ara wọn ní ìṣẹ́gun láti fi gòkè.

Ìdíje kan wà tó sọ ìbojú di òfin. Nínú Hidden Cup, tí T90Official, asọ̀rọ̀sọ ìjà géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dá sílẹ̀ fún Age of Empires II, gbogbo eléré ń fi orúkọ akọni inú ìtàn jà, òǹwòran sì ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ ìjà wọn dá wọn mọ̀.

Owó àti òǹwòran

Owó ẹ̀bùn ń ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni géèmù, onígbọ̀wọ́, owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí ọrẹ àwọn òǹwòran wá. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ sọ́dọ̀ ẹni kìíní, àwọn tó ń wọ ìpele àárín kò ní padà wá mọ́, nítorí náà púpọ̀ ń pín in dé ẹni kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Géèmù tó ti dàgbà ṣì lè fa èrò. Age of Empires II, tó jáde ní 1999, ni wọ́n jà ní àṣekágbá Red Bull Wololo ní ààfin àtijọ́ Heidelberg ní Jámánì lọ́dún 2022. Ní 2024, StarCraft II wà lára géèmù tí wọ́n díje lé ní Esports World Cup ní Riyadh, Clem ọmọ ilẹ̀ Faransé ló sì gba ife náà.

Láti àkàbà dé ìdíje

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti yan ẹni tí yóò wọ ìdíje ni kí a mú àwọn tó wà lókè àkàbà. Òun ló sì ń ba àkàbà jẹ́ kíákíá. Ẹni tó bá ti dé òkè kò ní fẹ́ jà mọ́ kí àmì rẹ̀ má baà dínkù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò sì wá ọ̀rẹ́ tí yóò ṣubú fún wọn. Nítorí náà ni àwọn olùṣètò ṣe ń béèrè iye ìjà kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n ń lo Glicko tàbí ohun tó jọ ọ́ kí ìjókòó lásán má baà pa ipò mọ́, tí wọ́n sì ń ṣí ìdíje ìwọlé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Nínú ètò bẹ́ẹ̀, àmì àkàbà ni a fi ń to orúkọ, àyè wíwọlé sì di ohun tí kálukú ń fi ìjà gbà.