Ìlú Port Harcourt àti Ọ̀nà Rẹ̀: Láti Ìgbà Rélùwé 1916 Títí Di Òní

Ní àkókò tí ẹgbẹ́ wa ń kó owó jọ láti ra ilẹ̀ tí a ó kọ́ gbọ̀ngàn sí, ó yẹ kí a mọ ìtàn bí ènìyàn àti ẹrù ti ń rìn ní Port Harcourt. Ibi tí ọ̀nà bá gbà ni ọjà ń gbà. Ibi tí ọ̀nà bá sì fẹ́ gbà lọ́la lè jẹ́ orí ilé ẹni.

Òyìnbó rí èédú ilẹ̀ ní ìhà Udi ní 1909, wọ́n sì ń wá ibi tí omi ti jìn tó fún ọkọ̀ òkun láti wá kó o. Ilẹ̀ àwọn ará Rebisi, ní etí odò Bonny, ni wọ́n rí. Ní 1913 Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ibẹ̀. Ní 1916 rélùwé dé Enugu, èédú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí èbúté. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tí rélùwé kó dé: akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà ni ó ṣáájú, kí ilé tó tẹ̀lé e. Wọ́n ya òpópónà Táùn sórí ìwé kí ìlú tó kún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tọ́ títí di òní. Kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe é o. Adúgbò òyìnbó wà lọ́tọ̀, ti aláwọ̀ dúdú wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ronú síwájú.

Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì gbé e jáde láti èbúté wa ní 1958. Ní 1963 iye ènìyàn ìlú kò pé 180,000. Ìlú di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers ní 1967, ogun dé, ogun lọ. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2006, Port Harcourt pẹ̀lú Obio-Akpor ti tó mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀ ọ̀nà ńlá méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá ara wa jà lé lórí, Aba Road àti Ikwerre Road, tí wọ́n pínyà nítòsí Isaac Boro Park. Ilé ti ṣáájú, ọ̀nà wá ń sáré tẹ̀lé e. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì mọ ohun tí àmì pupa ara ògiri túmọ̀ sí.

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣètò rárá. Wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní ìgboro ní 2009, kẹ̀kẹ́ márúwá sì gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 2009 kan náà ni òfin dá àjọ Greater Port Harcourt sílẹ̀, láti tẹ̀lé ètò ìlú tuntun tí ó kan ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ. Lásìkò Gómìnà Amaechi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwé orí òpó tí wọ́n ń pè ní monorail, láti Sharks Park lọ sí Waterlines. Ìjọba tí ó wọlé ní 2015 kò bá a lọ. Òpó kọnkéré ni ó kù fún wa láti wò. Gómìnà Wike kọ́ afárá orí títì ní Garrison àti ibòmíràn. Afárá náà dára fún ẹni tí ó ní mọ́tò. Ẹni tí ó dúró ní bọ́síítọ́ọ̀pù pẹ̀lú ẹrù gààrí, owó ọkọ̀ ni ó ń bá a fà á, pàápàá láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní oṣù Karùn-ún 2023.

Ní Èkó náà, Jákáńdè bẹ̀rẹ̀ ètò rélùwé ìgboro, ìjọba ológun sì pa á tì ní 1985. Ohun tí ó gbà á là ni àjọ LAMATA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002, tí gómìnà mẹ́rin sì bá a ṣiṣẹ́ láìtú u ká. BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023 rélùwé Marina sí Mile 2 gbé èrò, nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn Jákáńdè. Ọwọ́ tí kò yí padà ni Port Harcourt ṣaláìní, kì í ṣe owó nìkan.

Ohun tí a ní kò kéré. Rélùwé sí Aba, tí ó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tún gbé èrò ní oṣù Kẹrin 2024. Ojú irin náà gba Elelenwo kọjá lọ sí ìhà Imo River, níbi tí ènìyàn ti pọ̀ bí eṣú. Omi sì yí wa ká: ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí Bonny àti Nembe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ti Borokiri lọ sí Abonnema Wharf, títì ni yóò gbà. Èyí yà wá lẹ́nu ní ìlú tí ó jẹ́ pé omi ni wọ́n torí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ló kù. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń fẹ́ kí a ra èyí tí ó wà létí títì ńlá, nítorí pé yóò gbayì. Àwa ń fẹ́ èyí tí ó sún sẹ́yìn díẹ̀, tí ìyá arúgbó sì lè fi ọkọ̀ kan ṣoṣo dé. Kí ìgbìmọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àjọ Greater Port Harcourt, kí wọ́n wo máàpù náà, kí a tó san kọ́bọ̀ fún onílẹ̀.