Bí Mikel Obi Ṣe Bọ́ Mọ́ Manchester United Lọ́wọ́

Bí àsìkò káràkátà agbábọ́ọ̀lù bá ti dé, ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń sọ ni pé owó ni kókó: ẹgbẹ́ tí àpò rẹ̀ bá wúwo jù ni yóò mú ẹni tó wù ú. Ìtàn John Obi Mikel fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2005, Manchester United ní owó, ó ní orúkọ, ó sì ní ìwé tí ọmọ náà ti buwọ́ lù. Síbẹ̀, Mikel kò gbá bọ́ọ̀lù fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìlú Jos ni wọ́n ti bí Mikel ní oṣù kẹrin ọdún 1987. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tó wáyé ní Fínlándì lọ́dún 2003 wà lára ohun tó mú kí ojú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó o. Lọ́dún 2004, ó dara pọ̀ mọ́ Lyn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú Oslo, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ní Manchester, Roy Keane, òpómúléró àárín pápá, ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ẹgbẹ́ náà nílò ọ̀dọ́ tí yóò gba ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2005, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí Mikel pé ọmọ ọdún 18, Manchester United kéde pé òun ti bá Lyn ṣe àdéhùn. Ọmọ náà gbé aṣọ pupa tí nọ́ḿbà 21 wà lára rẹ̀ sókè, àwọn oníròyìn sì ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n Chelsea yarí pé àwọn ti bá ọmọ náà àti aṣojú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kò pẹ́ tí Mikel fi kúrò ní Oslo, tó yọjú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ńṣe ni wọ́n fúngun mọ́ òun tí òun fi buwọ́ lùwé, nígbà tí aṣojú òun kò sí nítòsí. Lyn ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń fara gbá a. Láàárín rògbòdìyàn yìí, Mikel gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Nẹ́dálándì. Nàìjíríà ṣe ipò kejì, Lionel Messi nìkan ni wọ́n sì fi ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dáńgájíá jù. Síbẹ̀, kò ní ẹgbẹ́ tó lè fọkàn balẹ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ, àjọ FIFA pàṣẹ pé kí ó padà sí Lyn.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2006 ni ìjà náà tó parí. Chelsea gbà láti san mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn: mílíọ̀nù 12 fún Manchester United, mílíọ̀nù 4 fún Lyn.

Ta ló wá jèrè? Ní oṣù keje ọdún kan náà, United ra Michael Carrick lọ́wọ́ Tottenham, ó sì gba ife líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láti ọdún 2007 sí 2009. Mikel lo ọdún mẹ́wàá ó lé ní Chelsea, ó sì wà lára àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ Champions League lọ́dún 2012. Lyn tó gbowó ni gbèsè dá dúró lọ́dún 2010.

Ìdí tí United fi pàdánù kò fara sin. Ẹni tó san owó orí fún bàbá, tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọge, kò tíì gbéyàwó. United bá ẹgbẹ́ tó ni ọmọ náà parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò bá aṣojú tí ọmọ náà fọkàn tán dé orí àdéhùn kankan.

Ẹ̀kọ́ tó kan ilé wa jùyẹn lọ. Ọmọ ọdún 18 ló jókòó síwájú ìwé tó tó mílíọ̀nù, ní ilẹ̀ àjèjì, òbí rẹ̀ sì wà lókèèrè. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà ló ń rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí Chelsea tí yóò san owó ìtúsílẹ̀ fún wọn. Kí òbí tó yọ̀ pé wọ́n ti pe ọmọ òun sí òkè òkun, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò bá a ka ìwé náà.