Ilé Wolseley ní Lọ́ńdọ̀nù: Ilé Ìpàtẹ Mọ́tò Tó Pẹ́ Ju Àwọn Tó Ni Í Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ yìí bá ilé kan mu ní àárín gbùngbùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní nọ́ńbà 160, òpópónà Piccadilly, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Ritz. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí, àwọn tí ń jẹun ni yóò bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò títà ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. A mú ìtàn rẹ̀ wá sínú ìwé ọdọọdún yìí nítorí pé àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ìdálẹ̀ kì í kó owó jọ títí kí a má ronú ilé ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ohun tí ń mú kí ilé pẹ́ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ibi Tí Wolseley Ti Ṣẹ̀

Orúkọ Wolseley kò ti ìdí mọ́tò wá. Frederick Wolseley ló dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ọsirélíà tí ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Austin tó jẹ́ máníjà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán mọ́tò ṣíṣe wò. Ní 1901, ilé-iṣẹ́ Vickers tí ń rọ ohun ìjà ogun ra iṣẹ́ mọ́tò náà. Austin kúrò ní 1905, ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Nígbà tó fi di 1913, Wolseley ti di aṣíwájú láàárín àwọn tí ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí 3,000 mọ́tò ni wọ́n tà lọ́dún náà.

Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918. Wolseley gbà pé ọjà yóò máa yá sí i ni. Wọ́n mú ilé-iṣẹ́ wọn gbòòrò, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún William Curtis Green, ayàwòrán-ilé, ní 1921, pé kó kọ́ ilé ìpàtẹ mọ́tò tí yóò gba ojú olówó.

Green kò já wọn kulẹ̀. Òkúta Portland ni ó fi kọ́ iwájú ilé náà, orí àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ̀ bí òṣùmàrè. Nínú ilé, àwọn òpó gìrìwò gbé àjà tó ga fíofío dúró, òkúta mábìlì dúdú àti funfun sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Ó da ọnà ilẹ̀ Ítálì pọ̀ mọ́ ọ̀dà dídán bíi ti àwọn ará Ṣáínà. Ní 1922, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Green ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí ilé yìí.

Gbèsè Dé

A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Ilé yìí nìkan kọ́ ló fa gbèsè, ṣùgbọ́n ó wà lára ìnáwó tó ju agbára Wolseley lọ. Mọ́tò tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, irú ti Morris àti Austin, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Nígbà tí 1926 fi ń parí lọ, gbèsè wọn ti tó £2,000,000. Ní 1927 wọ́n ta ilé-iṣẹ́ náà. Austin fẹ́ rà á, General Motors ti Amẹ́ríkà náà fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n William Morris ló san £730,000 tó sì gbà á. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn àmì-ẹ̀yẹ nìyẹn.

Àwọn Tó Gba Ilé Náà

Báǹkì Barclays ló gba ilé ìpàtẹ náà, wọ́n sì ṣí ẹ̀ka síbẹ̀ ní 1927. A mọ Barclays dáadáa, nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà ló di Union Bank ní 1979. Ohun tó wú ni lórí ni pé wọn kò ba iṣẹ́ ọnà ilé náà jẹ́. Green tó kọ́ ọ ni wọ́n pè padà pé kó bá wọn ṣe ibi ìgbowó àti ọ́fíìsì tí yóò bá ara ilé mu. Wọ́n lò ó fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, mọ́tò Wolseley gan-an ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1975.

Ní 2003, Christopher Corbin àti Jeremy King ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé, wọ́n sì pe ilé oúnjẹ náà ní The Wolseley. Báyìí ni orúkọ tó ti kú lójú títì ṣe jí padà nídìí tíì àti búrẹ́dì. Ní 2022 ilé-iṣẹ́ Minor International gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Olówó ń lọ, olówó ń bọ̀, ilé wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Wa

Lóòótọ́, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo ilé yìí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ilé àjogúnbá. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ẹ wo Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Òfin wà, ilé kò sí mọ́. Ohun tó gba ilé Piccadilly là ni pé gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ rí iṣẹ́ fi í ṣe, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí a bá fẹ́ kọ́ gbọ̀ngán, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ níwọ̀n àpò wa. Bí gbọ̀ngán tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ bá ti gbó, kí a tó ní kí wọ́n wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe: ibi ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ, ibi ìkàwé, tàbí ibi ìgbàlejò. Kí a pa ìwé ilẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ mọ́ dáadáa. Elédùà yóò jẹ́ kí ilé wa pẹ́ jù wá lọ, kí àwọn ọmọ wa lè rí nǹkan bá nílẹ̀.